Ògiri Yàrá Yusrah

Aago mẹ́ta ọ̀sán ni obìnrin káńsù máa dé, ojú sì ti ń ti Mìsítúrà láti àárọ̀. Dókítà tó ń tọ́jú Yusrah, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà, ló kọ̀wé sí káńsù pé ikọ́ ọmọ yìí ti ń pọ̀ jù, kí wọ́n jọ̀ọ́ lọ wo ilé tó ń sùn. Káńsù fèsì pé àwọn á rán ẹnì kan wá lọ́jọ́ Thursday. Thursday ọ̀hún rèé. Láti ìgbà tí lẹ́tà yẹn ti wọlé ni Mìsítúrà ti ń fi ojú àlejò wo ilé ara rẹ̀. Ó ti fọ ilẹ̀ bálùwẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ti kó gbogbo bàtà sábẹ́ ibùsùn. Ṣùgbọ́n ògiri ò ṣeé kó sábẹ́ ibùsùn.

Fúláàtì oníyàrá méjì ni, lókè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe, ní òpópónà kékeré tí kò jìnnà sí Rye Lane ní Peckham. Yàrá kan ni ti Mìsítúrà àti Sàká ọkọ rẹ̀. Ìkejì ni Yusrah àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Rahmah, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, jọ ń sùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Yusrah gan-an, ọ̀dà ògiri ti wú bí ibi tí omi gbígbóná ta sí lára ènìyàn. Nísàlẹ̀ rẹ̀, àmì dúdú wẹ́wẹ́ ti tàn ká. Mould ni tolórí tẹlẹ́mù ń pè é ní àdúgbò yẹn. Mìsítúrà ti fi bílíìṣì fọ̀ ọ́. Sàká ti kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Bí oṣù méjì bá ti kọjá, ojú kan náà ló máa tún gbà yọ, kì í yà sọ́tùn-ún, kì í yà sósì.

Ohun tó ń ya Mìsítúrà lẹ́nu nìyẹn. Bó bá jẹ́ ooru oúnjẹ àti èémí ènìyàn ló ń fà á, bí onílé ṣe wí, kí ló dé tí kò fi yọ ní kíṣìnì? Kí ló dé tó jẹ́ ibi kan ṣoṣo yẹn ló fẹ́ràn?

Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin ni onílé wọn. Ọmọ Yorùbá bíi tiwọn ni, ó nílé káàkiri Peckham dé Camberwell, òun náà sì ni ọ̀gá Sàká, nítorí Sàká ni káfíńtà àti akunlé tó ń bá a tún àwọn ilé náà ṣe. Ó ti kọ lẹ́tà sí wọn lẹ́ẹ̀mejì lórí ọ̀rọ̀ ògiri. Ó ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbélé ló ń fa ọ̀rinrin, kí wọ́n dín oúnjẹ sísè kù, kí wọ́n yé sá aṣọ sínú ilé, kí wọ́n máa ṣí fèrèsé. Mìsítúrà gba lẹ́tà náà gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn, fèrèsé kíṣìnì ò gbọdọ̀ wà ní títì níwọ̀n ìgbà tí iná bá ti wà lábẹ́ ìkòkò, ì báà jẹ́ pé yìnyín ń bọ́ níta.

Kí Sàká tó jáde láàárọ̀, ó gbé ike ọ̀dà funfun kan kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá àwọn ọmọ.

"Chairman ló fún mi," ó ní. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń pe Gbádégẹṣin nìyẹn. "Aago kan ni màá dé. Màá sáré kùn ún, á ti gbẹ kí obìnrin yẹn tó dé."

"Ẹ ò ní kọ́kọ́ tún un ṣe? Ibẹ̀ ti rọ̀, Daddy Rahmah. Mo fìka tẹ̀ ẹ́ lánàá, ìka mi wọlé."

"Ọ̀dà náà ni àtúnṣe."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tún ilé gbogbo ayé ṣe?"

Sàká ń so okùn bàtà rẹ̀. Kò gbójú sókè. "Ìyá Rahmah, má fọwọ́ kan ògiri yẹn. Mo bẹ̀ ẹ́. Ṣáà jẹ́ kí n dé."

Ó lọ. Mìsítúrà dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wo ike ọ̀dà. Sàká kì í bẹ ènìyàn. Bó bá fẹ́ nǹkan, ó máa sọ ọ́. Bí wọn ò bá ṣe é, ó máa bínú. Kí ló wá ń bẹ̀bẹ̀ fún nítorí ògiri?

Ọ̀sẹ̀ half-term ni, àwọn ọmọ wà nílé. Mìsítúrà wọ kóòtù rẹ̀ tó nípọn, ó dì í mọ́ra, ó ṣí fèrèsé kíṣìnì sílẹ̀ gbayawu, ó wá gbé àsáró kaná. Atẹ́gùn oṣù February ń wọlé bíi pé òun ló ń san owó ilé. Ó ń fi ọwọ́ kan rò ó, ó ki ọwọ́ kejì bọ àpò. Ó gbọ́ tí omi ń dà nínú bálùwẹ̀, ó tẹ́tí, ó rí i pé kò dáwọ́ dúró.

"Rahmah! Ìṣẹ́jú mélòó lo fẹ́ lò lábẹ́ omi gbígbóná yẹn? Ṣé o ò mọ̀ pé ooru yẹn ló ń yọ àbúrò rẹ lẹ́nu?"

Omi dákẹ́. Rahmah yọjú, ìnura lórí, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. "Mum, it's been like four minutes."

"Mẹ́rin ti pọ̀ jù."

"So mi ò lè wẹ̀ mọ́? Allow me, man."

"Ta lò ń pè ní man?"

Rahmah fẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n Yusrah bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ nínú yàrá, ikọ́ gbígbẹ tó ń fà bí aṣọ tó ń ya. Àwọn méjèèjì tẹ́tí, wọ́n ń retí bóyá ó máa dá. Kò dá. Rahmah ló sáré wọlé lọ mú inhaler fún un. Mìsítúrà rẹ iná sílẹ̀, ó tẹ̀ lé e.

Nígbà tó dé ibẹ̀, ikọ́ ti rọlẹ̀. Yusrah jókòó sórí ibùsùn, ó sì lẹ etí mọ́ ògiri.

"Mummy, nǹkan wà nínú ẹ̀," ó ní. "It goes tó... tó... tó."

"Kúrò lára ògiri yẹn."

"But listen now."

Mìsítúrà kúnlẹ̀, òun náà sì gbé etí lé e. Lákọ̀ọ́kọ́, kò gbọ́ ju ọkàn ara rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ọ: tó. Ó dúró. Tó. Nílé bàbá rẹ̀ ní Ìwó, búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi kọ́lé. Bí o bá gbá ògiri, ọwọ́ rẹ ló máa dùn ọ́. Ó ti gbé ní London fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó yé e pé ògiri ibí ní inú. Ó fi ìka kan ojú ọ̀kánkán ilẹ̀kùn: kó, kó. Ó kan ojú ibi tó wú: bù, bù, bí ẹni tó ń lu búrẹ́dì tó bọ́ sómi.

"Kí ló wà níbẹ̀?" ó béèrè, kò sì mọ ẹni tó ń bi.

Rahmah ti gbé fóònù rẹ̀ jáde. Ó wá fídíò kan, wọ́n sì jókòó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ibùsùn láti wò ó. Òyìnbó onírùngbọ̀n kan ni. Ó ní pátákó ni ògiri bẹ́ẹ̀, ẹfun líle tí wọ́n fi bébà bò lójú àti lẹ́yìn, tí wọ́n kàn mọ́ igi. Plasterboard ni wọ́n ń pè é. Ó ní bí ibì kan lára bọ́ọ̀dù yìí bá ti rọ̀, ẹni tó bá kun ọ̀dà lé e lórí ń tan ara rẹ̀ ni. Kéèyàn kọ́kọ́ pa iná mànàmáná. Kó gé ibi tó bàjẹ́ jáde ní igun mẹ́rin, kó na igi gba ẹ̀yìn ihò náà, kó fi skúrù dè é, kó wá gé bọ́ọ̀dù tuntun tó bá ihò mu, kó kàn án mọ́ igi yẹn. Lẹ́yìn náà ni téèpù lójú ìpàdé, ẹrọ̀fọ̀ funfun tí wọ́n ń pè ní filler lórí téèpù, sáńpépà lórí filler títí gbogbo rẹ̀ á fi dán bákan náà. Ìgbà yẹn ni ọ̀dà tó kàn, ti àkọ́kọ́ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fi omi là.

"It's calm, Mum. A lè ṣe é."

"Ẹni tó dúró níwájú kámẹ́rà ló rọrùn fún."

Ṣùgbọ́n ó ti dìde. Kì í ṣe pé ó fẹ́ ṣàìgbọràn sí ọkọ rẹ̀. Ó rò pé bí obìnrin káńsù bá bá ògiri tó dán, tó mọ́, kò ní lè lọ kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹlẹ́gbin ni wọ́n. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ó fẹ́ mọ̀. Ìfẹ́ àtimọ̀ yìí ti wà lára rẹ̀ láti kékeré, ìyá rẹ̀ a máa ní ojú rẹ̀ kì í kúrò lára nǹkan tó bá dí.

Àpótí iṣẹ́ Sàká wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àjẹkù bọ́ọ̀dù kan náà sì dúró ti ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n fa ibùsùn Yusrah kúrò, wọ́n ní kí Yusrah jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi ìborùn bo imú rẹ̀. Rahmah pa iná. Mìsítúrà ní "Bismillah", ó fi irin pẹlẹbẹ ha ojú ibi tó wú. Ọ̀dà ṣí bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù: funfun, funfun mìíràn lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà aláwọ̀ bíi wàrà. Ó mú ọ̀bẹ gígé bọ́ọ̀dù. Ó rò pé òun máa tiraka. Ọ̀bẹ wọlé dé èèkù.

Wọn ò tíì gé ẹ̀gbẹ́ kejì tán tí ẹnì kan fi kan ilẹ̀kùn. Aunty Wùmí tó ń gbé lókè wọn ni, obìnrin tó ti lé láàádọ́ta ọdún, tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé àwọn arúgbó. Ó wọ aṣọ ìsùn, ó so ìborùn mọ́rí.

"Mìsítúrà, kí lò ń wó? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn lélẹ̀ ni o."

"Ẹ má bínú, Aunty. Ògiri ọmọ ni. Àwọn káńsù ń bọ̀ ní aago mẹ́ta."

"Káńsù?" Oorun dá lójú Aunty Wùmí. "Ta ló pè wọ́n?"

"Dókítà ni."

"Ìwọ ò sì sọ fún un pé kó má pè wọ́n? Mo mọ ìdílé kan ní Walworth tó gbé irú ọ̀rọ̀ yìí dé káńsù. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, onílé ti ní kí wọ́n máa kẹ́rù wọn lọ. Èmi tí mo dá wà yìí, ibo ni mo fẹ́ kẹ́rù lọ? Jọ̀ọ́, bó bá dé, má júwe ọ̀dọ̀ mi. Ilé mi dára. Mi ò ní ẹjọ́."

"Mi ò ní júwe yín, Aunty."

Aunty Wùmí wo inú yàrá, ó wo Yusrah pẹ̀lú ìborùn lẹ́nu. Ojú rẹ̀ rọ̀. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," ó ní fún un. Lẹ́yìn náà ó padà sókè, wọ́n sì ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àjà, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Kò padà sùn.

Wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ kẹta àti ẹ̀kẹrin. Bọ́ọ̀dù já lé Mìsítúrà lọ́wọ́ lódindi. Ó ti ń retí ihò. Kì í ṣe ihò ló rí. Ògiri mìíràn ló wà lẹ́yìn ògiri, bọ́ọ̀dù àtijọ́ kan tó dúdú bí ìdí ìkòkò, tó tutù, tí òórùn rẹ̀ dà bí ti aṣọ tí wọ́n gbàgbé sínú omi. Ó fi èèkù ọ̀bẹ tẹ̀ ẹ́. Ó fọ́ sílẹ̀ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́. Nínú òkùnkùn ẹ̀yìn rẹ̀, páìpù kan gba ibẹ̀ kọjá, oríkèé rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé. Ẹ̀kán omi kan kó ara jọ sídìí rẹ̀, ó fì, ó bọ́.

Tó.

"I told you," Yusrah ní lẹ́nu ọ̀nà.

Mìsítúrà ń wo páìpù. Gbogbo ìbéèrè rẹ̀ ló ti dáhùn. Ìdí tí kò fi yọ ní kíṣìnì nìyí, ìdí tó fi jẹ́ ojú kan. Ara rẹ̀ fúyẹ́ lójijì, ó fẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe àsáró. Kì í ṣe aṣọ. Kì í ṣe òun.

"Mum," Rahmah ní. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ti dojú bọ́ọ̀dù tí wọ́n gé jáde bolẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Mum, wá wo eléyìí."

Pẹ́ńsù ni wọ́n fi kọ ọ́. Òǹkà ìwọ̀n méjì, àti ọjọ́ kan nínú oṣù October, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, oṣù kan ṣáájú kí wọ́n tó kó wọlé. Lókè rẹ̀, *Bismillahi*, pẹ̀lú ìrù gígùn tó ká bọ abẹ́ ara rẹ̀. Nísàlẹ̀, *Sk*. Kò sí ẹni tó ń gbé nínú ilé náà tí kò mọ ọwọ́ yẹn. Ó wà lábẹ́ ibùsùn Yusrah, ó wà lẹ́yìn pẹpẹ ìwé Rahmah. Sàká kì í fi ayùn kan igi láìkọ ọ́.

"Handwriting Dad nìyẹn," Rahmah ní, bíi pé ó ń retí kí ẹnì kan sọ pé irọ́ ni.

Mìsítúrà gba bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kà á. Ó tún un kà. Ó lọ sí kíṣìnì, ó ti fèrèsé. Ó bọ́ kóòtù, ó fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó tan iná sí àsáró rẹ̀, ó dúró tì í títí ó fi jinná, ooru ń bo dígí fèrèsé títí wọn ò fi rí ìta mọ́.

Sàká dé ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti rí eruku funfun nílẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó gba iwájú yàrá àwọn ọmọ kọjá, ó wo ihò náà, ó wá wọ kíṣìnì. Abọ́ àsáró wà lórí tábìlì. Bọ́ọ̀dù náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dojú pẹ́ńsù sókè.

"Mo ní kó o má fọwọ́ kàn án," ó ní.

"Jókòó," Mìsítúrà ní. "Jẹun."

Rahmah tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ́ ọ. Láti ìgbà tó ti dáyé, kò gbọ́ kí ìyá rẹ̀ bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìfi *ẹ* sí i rí. Ó mú Yusrah lọ́wọ́, ó mú un lọ sí yàrá àwọn òbí wọn, ó sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀ kó lè máa gbọ́.

Sàká jókòó. Kò jẹun. "Kí a tó kó wọlé ni," ó ní. "Chairman ní òun máa pe plumber tó bá yá, kí n ṣáà bò ó ná. Ó ní bí mo bá lè parí rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, òun á fún wa nílé náà. Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń wálé kiri nígbà yẹn."

"Ó pe plumber?"

Sàká ń fi ìka pa eruku rẹ́ lórí tábìlì.

"Mo ní ṣé ó pè é?"

"Kò pè é."

"Ìwọ ńkọ́? O rán an létí?"

"Lẹ́ẹ̀kan."

Mìsítúrà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń dáná pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. O máa ń wọlé bá mi níbí, tí ètè mi ti gbẹ, wàá ní 'pẹ̀lẹ́, òtútù mú.' Wàá jókòó síbi tó o jókòó sí yìí, wàá jẹ ẹ́. Mò ń pariwo mọ́ Rahmah lórí omi ìwẹ̀. Mò ń gbé aṣọ tútù lọ gbẹ ní laundrette nínú òjò. Mo máa ń jókòó ti ọmọ yẹn tó bá ń wúkọ́, màá máa bẹ Ọlọ́run pé kó dárí jì mí, pé èmi ni mò ń fi oúnjẹ pa á. Ò ń gbọ́ àdúrà yẹn, Sàká. Ẹ̀gbẹ́ mi lo máa ń wà."

"Mo rò pé..."

"Kí lo rò?"

"Mo rò pé á gbẹ."

Fóònù Sàká dún. Ó wò ó, ó gbé e sétí. Ohùn Gbádégẹṣin ń jáde tó bẹ́ẹ̀ tí Mìsítúrà fi ń gbọ́ ọ: "Sàká, ṣé ó ti gbẹ?"

"Mò ń ṣe é lọ́wọ́, sà."

"Kó dán o. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí, ohun tí ojú wọn bá rí ni wọ́n ń kọ."

Sàká dìde. Aago méjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. Ó ní òun lè dí ihò náà láàárín ogójì ìṣẹ́jú, kí òun sì kùn ún. Ó ní bí òun bá pàdánù iṣẹ́ yìí, ilé náà bá a lọ nìyẹn, àti pé lẹ́yìn tí obìnrin káńsù bá lọ, òun fúnra òun máa wá plumber, òun búra. Mìsítúrà ò bá a jiyàn, kò sì dí i lọ́nà. Ó bá a wọ yàrá, ó jókòó sórí ibùsùn Rahmah, ó káwọ́ gbera, ó ń wò ó.

Sàká wọn ihò náà. Ó gbé àjẹkù bọ́ọ̀dù sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ tì í, ó yọ pẹ́ńsù lẹ́yìn etí. Yusrah ti yọ́ kúrò lọ́dọ̀ Rahmah, ó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Daddy," ó ní, "tó o bá tì í, omi yẹn, where does it go?"

Kò sí ẹ̀sùn nínú ìbéèrè náà. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Ó ń wo bàbá rẹ̀ bó ṣe máa ń wò ó nígbà tó bá ń kan nǹkan, pé ó mọ bí gbogbo ohun tó wà nínú ilé ṣe ń ṣiṣẹ́.

Pẹ́ńsù wà lórí bọ́ọ̀dù. Ìbẹ̀rẹ̀ *Bismillahi* ló yẹ kó kọ́kọ́ kọ. Ọwọ́ rẹ̀ ò lọ. Ó wo ilẹ̀ níbi tí ibùsùn ọmọ náà máa ń wà, pátákó ilẹ̀ ibẹ̀ ti ṣú. Ó wo àyà ọmọ náà, bó ṣe ń lọ sókè-sódò lábẹ́ súwẹ́tà.

"Abẹ́ ibùsùn rẹ ló ń lọ," ó ní.

"And then?"

Sàká gbé pẹ́ńsù sílẹ̀. "Rahmah! Wá mú àbúrò rẹ. Ẹ kó aṣọ ibùsùn yín lọ sí yàrá wa. Ẹ̀yin lẹ máa sùn síbẹ̀ láti òní." Ó fi nǹkan bo imú, ó mú òòlù. Dípò kó dí ihò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ ẹ́. Ó ya bọ́ọ̀dù rẹ̀ lulẹ̀, ó ya ti àtijọ́ tẹ̀ lé e, láti ẹsẹ̀ títí dé àjà, títí páìpù náà fi hàn gbangba pẹ̀lú gbogbo igi tó ti jẹrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mìsítúrà dìde, ó na ẹnu àpò ìdọ̀tí fún un. Ó ń ya á, obìnrin náà ń kó o.

Bethany ni orúkọ obìnrin káńsù. Ọmọdébìnrin òyìnbó ni, kò lè ju ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lọ. Ó dé ní aago mẹ́ta géérégé, ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnì kan ní kó bọ́ ọ. Ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan dání tó ní abẹ́rẹ́ méjì lórí. Ó fi gún ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀rọ náà dákẹ́. Ó fi gún ẹ̀gbẹ́ ihò, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Yusrah bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí òun náà gún un. Ó jẹ́ kó gún un. Ó ya fọ́tò, ó kọ̀wé, ó tún ya fọ́tò.

"Ta ló ṣí i?" ó béèrè.

"Èmi ni," Mìsítúrà ní.

"Ta ló bò ó tẹ́lẹ̀?"

Mìsítúrà wo ilẹ̀. Rahmah náà ń wo fóònù tó ti kú lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èmi ni mo bò ó," Sàká ní. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ le díẹ̀, ó ń yan ọ̀rọ̀. "Onílé ló ní kí n bò ó. Mo mọ̀ pé omi wà níbẹ̀. Mi ò sọ fún ìyàwó mi." Ó lọ gbé bọ́ọ̀dù wá láti kíṣìnì, ó fún un. "Ọwọ́ mi nìyẹn. Ọjọ́ náà wà níbẹ̀."

Bethany ya fọ́tò rẹ̀. Ó ní òun máa kọ̀wé sí onílé, òun sì máa dá ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ ti tún páìpù ṣe fún un. Mìsítúrà bi í bóyá wọ́n lè lé wọn jáde. Bethany ò purọ́ fún un. Ó ní òfin máa gbè wọ́n lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n òun ò lè ṣèlérí ohun tí ènìyàn máa ṣe tó bá ń bínú. Lẹ́yìn náà ló wá yíjú sí Sàká.

"Ṣé ibí nìkan lẹ bò bẹ́ẹ̀?"

Fóònù Sàká tún ń dún nínú àpò rẹ̀. Ó gbé e. "Sà, mi ò kùn ún. Mo ṣí i. Ó ń wò ó lọ́wọ́ báyìí." Lọ́tẹ̀ yìí, ohùn Gbádégẹṣin ò ga, Mìsítúrà ò sì gbọ́ ju ìparí rẹ̀ lọ: kí ó dá kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé padà ní ọ̀la, kó má yọjú síbi iṣẹ́ òun mọ́. Sàká ní "Ó dáa, sà." Ó fi fóònù sápò.

"Kì í ṣe ibí nìkan," ó dá Bethany lóhùn. "Páìpù yìí kan náà gba òkè kọjá. Èmi ni mo ṣe tòkè náà."

Bethany ní òun ò lè wọ ilé ẹlòmíràn bí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ò bá fẹ́. Sàká ní òun gbọ́. Ó gun àtẹ̀gùn lọ, gbogbo wọn sì tẹ̀ lé e. Ó kan ilẹ̀kùn. Ó pẹ́ kí Aunty Wùmí tó dáhùn. Nígbà tó ṣí i, tó rí òyìnbó tó gbé ìwé dání, ó fẹ́ ti ilẹ̀kùn padà.

"Mìsítúrà, mo bẹ̀ ẹ́, ṣebí mo bẹ̀ ẹ́."

"Kò júwe yín, Aunty," Sàká ní. "Èmi ni. Ògiri tó wà níbi tẹ́ ẹ̀ ń gbórí lé sùn, omi wà lẹ́yìn rẹ̀. Èmi ni mo kan bọ́ọ̀dù lé e kí ẹ tó kó wọlé. Mo ti mọ̀ látọjọ́ tẹ́ ẹ ti dé. Ẹ máa ń kí mi lórí àtẹ̀gùn yìí láràárọ̀, mo sì mọ̀."

Aunty Wùmí wò ó. Ó wo eruku funfun lára rẹ̀, lára irun rẹ̀. Kò bú u. Ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó wọ inú lọ, wọ́n sì bá a wọlé. Yàrá náà mọ́ tónítóní. Ògiri ibẹ̀ funfun, ó ń dán, kò sí àmì kan lára rẹ̀. Bethany fi ẹ̀rọ gún un lókè orí ibùsùn. Ó ké.

Aunty Wùmí jókòó sẹ́bàá ibùsùn rẹ̀. Ó fọwọ́ lé àyà, ó mí èémí kan, ó sì tẹ́tí sí i bó ṣe ń jáde, bíi pé ti ẹlòmíràn ni. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó ká irọ̀rí kúrò, ó fa ibùsùn sẹ́yìn. Ó na ọwọ́ sí Mìsítúrà.

"Ọ̀bẹ tó o lò yẹn dà?" ó ní. "Lọ mú un wá fún mi. Èmi fúnra mi ni màá gé e."